Àwọn Olórí Òwò Tó Lé Oníbàárà Ìyá Rẹ

Adjamé, Abidjan
Oṣù Kẹta, 1974

Mouritala ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ara mi le bí ara arúgbó tí aya rẹ̀ kú ṣe lè le. Mo gbà á ládùúrà pé kí àlàáfíà wà lọ́dọ̀ yín ní yunifásítì. Issiaka aládùúgbò wa ló ń bá mi kọ èyí. Ó ní kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà rọ̀ díẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ bó ṣe ń ti ẹnu mi jáde.

Ọjọ́ fidáù ìyá rẹ, gbogbo ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó wà ní Adjamé ló wá jókòó tì mí. Ìwọ kò wá. O ránṣẹ́ pé ẹgbẹ́ yín ń dìbò, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ iléèwé tó fẹ́ di olórí òwò. Wọ́n fi ọ́ ṣe président. Olórí àwọn tí kò ta ìṣáná rí. O kú oríire.

Mo gbé ìyẹn mì. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ràmílátù àbúrò rẹ ṣí ìsọ̀ ìyá yín padà, o kó àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ dé, táì lọ́rùn nínú oòrùn ọjà Roxy, bí àgbò tí wọ́n so sílẹ̀ de Iléyá. Ẹ lẹ iye owó mọ́ gbogbo abọ́ tánganran. Ẹ ní láyé òde òní, a kì í ná ọjà mọ́.

Ìṣojú mi ni Màmá Fatimata dé láti Marcory, obìnrin Jùlá tó pọ̀n ọ́ dàgbà. Ó gbé abọ́ kan, ó pè é ní owó tí kò tó nǹkan, ó ní ahun ni Ràmílátù bí ìyá rẹ̀. Bí òun àti ìyá rẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Àbúrò rẹ rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí a ti sìnkú. Ìwọ dá sí i: "Prix fixe, madame," pé iye kan ni, a kì í ná an. Madame, Mouritala. Ó rọra gbé abọ́ náà sílẹ̀, ó lọ.

Mo lọ bẹ̀ ẹ́ nílé. Ó ní, "Mo wá wò ó bóyá ọ̀rẹ́ mi ṣẹ́kù díẹ̀ ní ìsọ̀ yẹn. Ọmọ yín ní kò ṣẹ́kù."

Mo ti fún Ràmílátù ní ìsọ̀ náà. Ó ti ya ìwé iye owó yín dànù. Bí o bá ṣì fẹ́ kí n pè ọ́ lọ́mọ, dá wá lọ́jọ́ Sátidé. Kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Fatimata, kí o mú un wá sí ìsọ̀. Kí òun àti Ràmílátù ná abọ́ náà títí yóò fi rẹ̀ wọ́n. Ìwọ dákẹ́. Bóyá wàá gbọ́ ohùn ìyá rẹ.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ọgbọ́n tí a kì í dìbò fún. Kó má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ tìrẹ pè ọ́ ní monsieur. Àmín.

Èmi bàbá tó bí ọ,
Gàfárù

Àfikún: O gbàgbé táì rẹ sí ìsọ̀. Ràmílátù ti fi di ẹrù abọ́ tó lọ sí Gonzagueville. Ó dì í mú dáadáa. Ohun kan ṣáà wúlò nínú ẹgbẹ́ yín.