Ẹni Tó Ṣẹ́kù Lórí Bẹ́ǹṣì

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àìrí ara ẹni. Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ìwé yìí sí yín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé ò fún mi láyè, ẹ sì mọ̀ pé èmi kì í ṣe ẹni tó ń jókòó kọ nǹkan.

Kí n kọ́kọ́ ròyìn ilé. Ilé Ìjẹmọ̀ ṣì dúró. Àwọn ayálégbé wà níwájú, àwọn ìkòkò aró yín sì wà lẹ́yìnkùlé níbi tí ẹ kó wọn sí. Adìẹ ẹnì kan ti sọ èyí tó fọ́ lẹ́nu di ilé. Mo lé e, ó padà, mo tún lé e, ó tún padà, mo bá fi í sílẹ̀.

Màmá Àgbà ti wà lọ́dọ̀ mi ní Adigbẹ báyìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ wọn ò gbé wọn mọ́, àwọn ọmọ inú wọn sì wà lókè òkun. Bí àwọn yẹn bá pè lórí fóònù pé àwọn fẹ́ rí ojú ìyá àwọn, Màmá á gbé fóònù mọ́ etí, etí nìkan ni àwọn ọmọ á máa wò. Èmi ọmọ ìyàwó kékeré ni mò ń wẹ ìyálé yín, èmi ni mò ń bọ́ wọn, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń sọ pé ọbẹ̀ mi ò níyọ̀.

Ọ̀rọ̀ Ara Olúwa ló mú mi gbé bírò. Ẹ ò ní gbàgbé Sọ́ńdè àkọ́kọ́ inú oṣù, tí wọ́n máa ń pín búrẹ́dì àti wáìnì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá Àgbà ni Bàbá mú lọ síwájú pẹpẹ, àwọn ni ìyàwó olórùka. Ẹ̀yin dé lẹ́yìn, Bàbá ṣe ìdána yín dáadáa, ṣùgbọ́n ìjọ wa ò ka ìdána sí. Òfin ni pé ọkùnrin tó bá fẹ́ ìyàwó kejì kò gbọdọ̀ gba Ara Olúwa mọ́, ìyàwó kejì náà kò gbọdọ̀ gbà á. Olórùka nìkan ni ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún. Bí àkókò bá tó, Bàbá á bá àwọn ọkùnrin bíi tiwọn jáde lọ sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á máa jiyàn ìṣèlú. Lójú tiwọn, ìsinmi ni. Ẹ̀yin kì í jáde. Ẹ á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, àwọn èèyàn á kó báàgì tì yín lẹ́sẹ̀, ẹlòmíràn á gbé ọmọ lé yín lọ́wọ́, kí wọ́n tó lọ kúnlẹ̀. Màmá Àgbà náà á gbé báàgì tiwọn kalẹ̀ sọ́dọ̀ yín. Wọ́n á lọ, wọ́n á dé, wọ́n á mú báàgì. Mi ò rí ọjọ́ tí ẹ̀yin méjèèjì jà nítorí ẹ̀.

Ẹ̀yin kan náà lẹ sì ń fọ aṣọ pẹpẹ. Bó bá di Sátidé, ẹ á máa fi ọsàn wẹ́wẹ́ bó ọwọ́ kí aró má baà ran aṣọ funfun. Ọwọ́ yín ò mọ́ rí, ṣùgbọ́n mi ò rí àbàwọ́n lára aṣọ yẹn. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé ọwọ́ tí kò yẹ fún búrẹ́dì ló wá yẹ fún aṣọ tí wọ́n ń gbé búrẹ́dì lé.

Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù gbé ọwọ́ lé mi lórí, tí mo gba Ara Olúwa fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ pè mí sẹ́yìnkùlé, ẹ bi mí bó ṣe rí lẹ́nu. Mo ní ó dà bíi bébà, pé wáìnì sì ń ta lẹ́nu. Ẹ ní ṣé kò dùn ni. Mo ní kò dùn. Ẹ mi orí, ẹ padà sídìí aró. Ṣé ẹ gbà mí gbọ́? Àbí ẹ rò pé ọmọdé ò mọ ohun tó dùn?

Lẹ́yìn tí Bàbá kú, ọ̀nà ṣí. Fíkà ìgbà náà, àlùfáà ìjọ wa, wá sílé, ó ní ẹ ti di opó, kò sí ìdíwọ́ mọ́, kí ẹ wá sí kíláàsì àwọn tó fẹ́ gba Ara Olúwa. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní arúgbó kì í bẹ̀rẹ̀ jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ ò lọ. Kí ló dé, Ìyá mi? Ìtìjú ni àbí ìbínú? Àbí bẹ́ǹṣì ti mọ́ yín lára? Mo béèrè nígbà tí ẹ wà láàyè, ẹ rán mi lọ ra sódà aró.

Lọ́jọ́ tí a sin yín, wọ́n ṣe Ara Olúwa nínú ìsìn náà. Pósí yín wà láàrin ọ̀nà. A tò gba ẹ̀gbẹ́ yín kọjá lọ síbi pẹpẹ, àwa ọmọ, àwọn àna, títí kan àwọn tí kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì wa rí. Nígbà tí mo dé ọ̀gangan orí yín, inú bí mi. Mo yà, mo padà lọ jókòó. Láti ìgbà náà, mi ò gbà á mọ́. Bẹ́ǹṣì yín ni mò ń jókòó lé. Mo mọ̀ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Kò sì sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Báàgì ni wọ́n ń kó tì mí.

Oṣù tó kọjá ni Fíkà tuntun gbé Ara Olúwa wá bá Màmá Àgbà nílé. Ó kéré sí àkọ́bí mi, ṣùgbọ́n ó mọ èèyàn kí. Ìlànà ni pé kí ẹnì kan nínú ilé bá aláìsàn jẹ ẹ́, torí oúnjẹ àjọjẹ ni, kì í ṣe oògùn tí èèyàn ń dá lò. Ó wò mí. Mo ní èmi kì í gbà á. Kò bínú.

“Kò burú, mà,” ó wí. “Mo lè fún Màmá nìkan.”

Màmá Àgbà mi orí lórí ìrọ̀rí.

“Rárá o, Fíkà. Mo ti dá a jẹ tó.”

Fíkà rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni. Èmi mọ ohun tí wọ́n ń sọ: gbogbo ọdún tí àwọn nìkan fi lọ kúnlẹ̀, tí ẹ̀yin ń ṣọ́ báàgì. Ó gbé àpótí kékeré rẹ̀, ó ní tí a bá ti ṣe tán, kí n pe òun.

Ẹ wo wàhálà tí ìyálé yín kó mi sí. Dókítà tí mo gbé wọn lọ bá ní Láfẹ́nwá ní ọkàn wọn ti rẹ̀, pé kí n máa ṣe ohun tó bá wù wọ́n fún wọn. Ohun tó wù wọ́n ni Ara Olúwa, wọn ò sì ní jẹ ẹ́ láìsí ẹnì kejì. Bí mo bá gbà á, ó dà bí ẹni pé mo bá ìjọ fọwọ́ sí i pé ohun tí wọ́n ṣe sí yín dára. Bí mi ò bá gbà á, arúgbó á kú pẹ̀lú ebi nítorí ìbínú mi. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ì bá sọ fún mi pé kí n yé pariwo, kí n tọ́jú ìyálé yín. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ bínú díẹ̀, Ìyá mi. Ó dùn mí pé èmi nìkan ni mò ń bínú.

Mo ń rò ó bí mo ṣe ń fọ abọ́. Ní kíláàsì, wọ́n kọ́ wa pé omi ìrìbọmi, búrẹ́dì àti wáìnì, ohun tí ojú rí ni wọ́n, Ọlọ́run ló ń fi wọ́n ṣe iṣẹ́ tí ojú ò rí. Mo há a sórí, kò yé mi. Aró ló là mí lóye. Aṣọ á jáde nínú ìkòkò yín ní àwọ̀ ewé, ẹ á na án sórí okùn, ẹ ò ní fọwọ́ kàn án mọ́, atẹ́gùn á sọ ọ́ di dúdú. Iṣẹ́ ọwọ́ yín parí síbì kan, èyí tó kù kì í ṣe tiyín. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni ti búrẹ́dì yìí. Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ti omi tí mo fi ń wẹ Màmá Àgbà láràárọ̀, tí ẹnikẹ́ni ò pè ní nǹkan kan. Èmi kì í ṣe oníwàásù, ẹ jẹ́ kí n fi í síbẹ̀.

Mo pe Fíkà pé kó máa bọ̀. Mi ò tíì pinnu, mo kàn pè é ni.

Ó dé láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Mo ti gbálẹ̀, mo gbé tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ funfun ló yẹ kí n tẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó wà nílé ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, mo bá fa ọ̀kan yọ nínú àdìrẹ yín. Fíkà wò ó, ó gbé kọ́ọ̀pù lé e. Màmá Àgbà na ọwọ́, wọ́n ń fọwọ́ pa aṣọ náà. Wọ́n ní ta ló rẹ ẹ́ láró. Mo ní ẹ̀yin ìyá mi ni. Wọ́n ní, “Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.”

A gbàdúrà. Nígbà tí Fíkà mú búrẹ́dì náà, ọ̀dọ̀ Màmá ló kọ́kọ́ gbé e lọ, bó ti yẹ. Màmá pa ẹnu dé. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, wọ́n nàka sí mi.

“Ìyàwó, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ mú.”

Ọmọ mi ni Màmá Àgbà máa ń pè mí. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń pè ní Ìyàwó ní gbogbo ayé wọn, ẹ sì mọ ẹni náà. Ẹ tún mọ̀ pé nílé wa, ẹran ni o, ẹja ni o, aṣọ ọdún ni o, ìyálé ló ń kọ́kọ́ mú, ẹ̀yin á sì dúró. Mi ò mọ̀ bóyá ọjọ́ orí ló da ojú wọn rú, tàbí wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an. Wọ́n ń wò mí tààrà. Fíkà náà ń wò mí.

Mi ò sọ pé èmi kọ́. Mo ní, “Ẹ ṣé, mà.” Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà, mo tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, Fíkà fi búrẹ́dì sí i. Ìgbà tí Màmá Àgbà rí i pé mo ti gbé e mì ni wọ́n tó la ẹnu tiwọn.

Tiyín ni mo jẹ, Ìyá mi.

Èmi ọmọ yín obìnrin, tí ìfẹ́ yín ò kúrò lọ́kàn rẹ̀.