Fọ́tò Tí Wọ́n Yà Wá Nínú Mọ́tò

Ìpàpó,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹta, ọdún 1919.

Ọmọ́bọ́lá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ilé, mo kí ọmọ. Kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró. Bí o bá béèrè tèmi, ara mi le, ọkàn mi ni kò le.

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ọkọ rẹ, Cornelius, ń fi han gbogbo àlejò, inú rẹ sì dùn pé èmi náà ti gun mọ́tò. Ọmọ́bọ́lá, n kò gun mọ́tò. Jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí, torí mo mọ̀ pé wọn kò sọ fún ọ.

Lọ́jọ́ tí Cornelius àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ mẹ́rin wá láti Ìsẹ́yìn, tí wọ́n ń ṣe fàájì lọ sí Ṣakí, ó ti di ọjọ́ kejì tí ibà mú Olúwaṣọlá ọmọ mi. Ọrùn rẹ̀ gan, kò lè yí i. Bàbá rẹ̀, tíṣà ìjọ wa, sì lọ ṣe ìsìn ní Òkàkà. Síbẹ̀ mo se oúnjẹ, torí ìwọ lo bẹ̀ mí. Adìẹ méjì ni mo pa, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn mi.

Wọ́n jẹun tán, wọ́n tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ẹ̀mí tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, wọ́n ń jiyàn mọ́tò ta ni ewúrẹ́ sá fún jù. Mo kúnlẹ̀. Mo ní kí ẹnì kan jọ̀ọ́ gbé wa padà sí ilé oògùn ní Ìsẹ́yìn. Cornelius ní, "Ìyá Ṣọlá, ọ̀rọ̀ yín dùn mí, ṣùgbọ́n àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ṣèlérí pé a ò ní í fi ara wa sílẹ̀ títí dé Ṣakí. Ẹni tó bá yà, ó ti ba ìrìn jẹ́ nìyẹn." Wákàtí méjì gbáko ni wọ́n tún fi sinmi. Ká ní ẹnì kan gbé wa lọ, ì bá ti padà dé kí wọ́n tó ká ẹní.

Nígbà tó yá, Akínyẹlé, èyí tó ni ẹ̀rọ fọ́tò, pè mí: "Ìyàwó tíṣà, ẹ máa bọ̀, ẹ gòkè!" Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé mo gbàgbé bàtà sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti yí ọkàn padà. Wo ojú mi nínú fọ́tò náà, ojú ẹni tó ń dúpẹ́ ni. Ó yà á tán, ó ní, "Ó tó, ẹ sọ̀ kalẹ̀ o, ẹ má sùn sínú mọ́tò wa!" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Cornelius náà rẹ́rìn-ín.

Ẹsẹ̀ la fi rìn. Ọdẹ́bùnmi aládùúgbò wa, ọdẹ tó ń bọ Ògún, tí ọkọ mi máa ń wàásù fún ṣáá, òun ló gbé ọmọ náà lé èjìká. Ọjọ́ kejì la tó dé Ìsẹ́yìn. Olóògùn ibẹ̀ ní òun kò lè búra pé ì bá yàtọ̀ ká ní a tètè dé. Èmi náà kò lè búra. Ṣọlá yè, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti di. Ọmọ ọdún méjì! Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ ọ́n sọ ń kúrò lẹ́nu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

O ní wọ́n tún ń bọ̀ lẹ́yìn Àjíǹde, mọ́tò mẹ́jọ, kí n ṣètò oúnjẹ. N kò ní í sè. Sọ bẹ́ẹ̀ fún Cornelius, má bá mi wá àwáwí.

Kí Ọlọ́run má fi irú ọjọ́ yẹn hàn ọ́. Kí ó dá ọmọ rẹ sí, kí ó máa dá ọ lóhùn bí o bá pè é.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí a jọ lo bẹ́ǹṣì kan nílé ìwé,
Dúróríkẹ́ Ọlágòkè.

Àfikún: Bí wọ́n bá ń kọjá níwájú ilé wa, kí wọ́n rọra. Ṣọlá ti ń sáré jáde sójú ọ̀nà. Kí wọ́n má gbẹ́kẹ̀ lé fèrè mọ́tò.