Irun Rìnsọ́lá Tí Mi Ò Dì Tán

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kẹwàá 2024

Mi ò mọ̀wé. Inú fóònù ni mò ń sọ ọ́ sí, Pẹ̀lúmi ọmọ ọmọ mi ni yóò kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un: má tún un ṣe. Bí mo bá bú èèyàn, kọ èébú náà.

Rìnsọ́lá pè láti ilẹ̀ Faransé. Ó ní kí n wá di irun fún òun, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n dì níbẹ̀. Ogójì ọdún ló ti wà lọ́hùn-ún, ọkọ rẹ̀ òyìnbó ti kú, kò pè mí nítorí irun rí. Mo ní ṣé orí rẹ pé? Ó rẹ́rìn-ín. Eyínmẹ́nugún ni mò ń pè é láti kékeré, nígbà tí a jọ ń kọ́ irun dídì lábẹ́ àtíbàbà ìyá mi ní Ọ̀yọ́.

Ọjọ́bọ̀, 10

Òòyà. Òróró. Gàrí. Ẹ̀gúsí. Ìwé ìrìnnà. Ó tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 11

Bàálù, lẹ́yìn náà ọkọ̀ ojú irin. Nicole, ọmọ Rìnsọ́lá, wá pàdé mi ní Paris. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ láàárín èrò. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Mò ń sùn, mò ń jí — igi, ìkùukùu, màlúù pupa, igi. Mi ò mọ èyí tí mo lá nínú wọn. Co-op City tí mò ń gbé ní New York ti jìnnà, àfi bíi pé ẹlòmíì ló ń gbé ibẹ̀.

Rìnsọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti rù. Ó fi gèlè di orí gbọingbọin. Mo ní o ti darúgbó. Ó ní, "Ìwọ wá di kí ni, ọmọge?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12

Ẹ̀ẹ̀mejì ni aago ṣọ́ọ̀ṣì ìlú yìí máa ń lù. Ó lu mẹ́ta, ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún lu mẹ́ta. Rìnsọ́lá ní nítorí àwọn tí kò gbọ́ ti àkọ́kọ́ ni. Ìkùukùu wọlé, ó jókòó tì wá. Ó jẹ òkèlè ẹ̀bà mẹ́ta péré. Mo kà á.

Ọjọ́ Àìkú, 13

Ó jókòó sórí àpótí láàárín ẹsẹ̀ mi bí ti àtijọ́, ó tú gèlè. Ṣùkú ló fẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀tún. Ìka ń dùn mí, ṣùgbọ́n kò gbàgbé. Ó ń tòògbé, èmi náà ń tòògbé, àfi bíi pé ìyá mi dúró lẹ́yìn wa tó ń ní kí n jẹ́ kó tẹ́ẹ́rẹ́.

Mo dé òsì, ìka mi kan àpá. Láti etí dé àtàrí. Wọ́n rán an bí àpò.

Mo bi í. Ó ní wọ́n ti la orí òun lọ́dún tó kọjá nítorí kókó kan. Kókó náà ti padà. Àwọn dókítà fẹ́ tún un là lọ́jọ́ kejìlélógún. Òun ò lọ, ó ti rẹ òun. Bí òun bá lọ wọ́n á fá orí òun. Kí n sáà di irun náà kó dára, irun náà ni wọn yóò bá lórí òun tí wọ́n bá ń sin òun.

Irun òkú ló pè mí láti New York wá dì. Kò sì sọ.

Mo gbé òòyà sílẹ̀. Ìyá mi kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáde lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀ pẹ̀lú irun ààbọ̀, bí òjò ń bọ̀, bí ilé ń jó. Rìnsọ́lá mọ̀. Ó ní, "Dì í tán." Mo ní rárá. Ó ní, "Àjẹ́!" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní irun ààbọ̀ kì í lọ síbì kankan, kì í sì lọ sọ́run. Kó jẹ́ kí wọ́n la òsì, mi ò tíì di ibẹ̀, kò sí iṣẹ́ mi tí wọn yóò bà jẹ́. Tó bá hù, màá padà wá dì í.

Ó sunkún. Èmi ò sunkún. Mo jẹ ẹran tó ṣẹ́kù.

Ọjọ́ Ajé, 14

Kò sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Aago lù bí mo ṣe ń wọ mọ́tò. Mò ń retí ìkejì, Nicole ti gbéra.

Ọjọ́bọ̀, 17

Kò pè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19

Mo pè, kò gbé e. Pẹ̀lúmi bi mí pé, "Grandma, kí ló dé tí ẹ ò kàn dì í tán fún wọn?" Mo ní kó kọ ìbéèrè náà sílẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22

Mo lá àlá pé mò ń di irun náà, kò tán. Ó gba inú ìkùukùu, ó kọjá lára àwọn màlúù, ó wá bá mi lójú fèrèsé níbí.

Ọjọ́ Ẹtì, 25

Nicole fi fọ́tò ránṣẹ́. Rìnsọ́lá lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ wú. Òsì: wọ́n fá a kodoro, báńdéèjì. Ọ̀tún: ẹsẹ̀ irun mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọ̀kan ò tú. Nicole sọ fún Pẹ̀lúmi pé ìyá òun kò tíì lè sọ̀rọ̀, wọn ò sì mọ̀ bóyá yóò sọ̀rọ̀ mọ́. Pé àwọn nọ́ọ̀sì fẹ́ tú èyí tó kù kí wọ́n lè fọ orí rẹ̀. Rìnsọ́lá fi ọwọ́ bò ó. Kò gbà.

Mo ti fọ òòyà sílẹ̀ de òsì.