Ẹ̀fọ́ Ẹlẹ́pà Tí Màmá Fi Jẹyán

Ọmọ mi Ràímì,

Èmi Alhaja Zulaihat, Ìyá Àdínì, ni mo ń kí ọ láti Ìlogbò. Mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ara mi le, a sì ti wú ẹ̀pà oko tán.

O ní o ń bọ̀ wá gbé mi lọ sí Ìlọrin ní Sátidé, nítorí Faridah tó ń bá mi gbé kò mọ oúnjẹ sè. Lánàá ó bọ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ó fún omi rẹ̀ dànù, ó rò ó mọ́ ata díndín, ó wá da ẹ̀pà yíyan tó ti gún sí i. Ìyá Mùíz, ayálégbé wa, ní, "Ṣé ewúrẹ́ lo fẹ́ fi bọ́ ni?" Mo fi jẹyán, mo tún bù sí i. N ò ní fi ulé mi sílẹ̀.

Dádì Ìlọrin, ẹ má bínú, èmi Faridah, ọmọ àbúrò yín, ni mo kọ gbogbo lẹ́tà yìí. Màmá kò rán mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì fi àtàǹpàkò tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ọlọ́hun á mú yín dé láyọ̀. Ẹ bá wa ra òróró bọ̀, kí ẹ sì wá jẹun. Màmá kò lọ síbì kankan.