Omi Gbígbóná Lórí Ẹsẹ̀ Yín

Bàbá mi tó lọ láì gbọ́ orúkọ àìsàn rẹ̀,

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ẹ ò fẹ́ràn kí ọmọdé máa fi ìbínú kí àgbà, ṣùgbọ́n ọdún kọkànlá rèé tí ẹ ti lọ, n kò sì rí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún tí kò ní ní kí n gba kámú.

Àìsàn yín lórúkọ. MS, ìyẹn multiple sclerosis, ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe ọtí, kì í ṣe èpè, kì í ṣe ọwọ́ ayé. Ẹ̀yin tí ẹ fi gbogbo ayé yín fa wáyà sí ilé onílé ní Karmo, ó máa yé yín ju èmi lọ: iṣan tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ẹsẹ̀ ní rọ́bà lára, bíi ti wáyà. Àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà, ni wọ́n yíjú padà tí wọ́n ń bó rọ́bà náà. Iná á máa tàn, á máa kú, títí kò fi ní dé ibi tó ń lọ mọ́.

Mo mọ gbogbo èyí nítorí pé ó ti wà lára èmi náà. Ojú mi òsì ló kọ́kọ́ ṣú níwájú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní kíláàsì mi ní Jikwoyi. Lẹ́yìn náà ni ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé mi sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ, ibi tí rọ́bà ti bó sì hàn níbẹ̀ ní funfun. Dókítà ní bàbá kì í fi í sílẹ̀ fún ọmọ bí ó ṣe ń fi imú sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè mú ẹni méjì nínú ẹbí kan.

Ẹ má tíì sunkún, oògùn wà. Wọ́n á so ó mọ́ mi lọ́wọ́ bíi dírípù, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún, á máa dá àwọn aláṣejù yẹn lọ́wọ́ kọ́. Kò lè dá èyí tó ti bó padà, ṣùgbọ́n bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀, ó lè dáàbò bo èyí tó kù. Àwọn onímọ̀ ṣì ń wá ohun tó máa tún rọ́bà náà ṣe. Wọ́n tún ń tọ ipa kòkòrò kan tí ọ̀pọ̀ wa ti kó láti kékeré, bóyá òun ló ń dá ìjà náà sílẹ̀.

Ṣé ẹ mọ̀ pé nígbà tí ẹ wà lórí ẹní, àwọn oògùn kan tó ń dín ìjà yìí kù ti wà lókè òkun? Níbí, ibà àti táífọ́ọ̀dù ni wọ́n ń kọ fún yín. Àwọn tó ti gbọ́ nípa MS rí gbà pé àìsàn òyìnbó ni. Ta ló sọ fún wọn pé rọ́bà aláwọ̀ dúdú kì í bó?

Nígbà tí ẹ sì já bọ́ lórí àkàbà nílé oníbàárà, wọ́n ní ẹ ti mu yó, ẹ̀yin tí ọtí kò kan ètè yín rí. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa wá bá yín nílé, wọ́n fi wákàtí kan gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ jáwọ́ nínú ọtí. Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ sì wọ́. Kí ló dé tí ẹ fi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n ń lọ?

Ẹ rántí píọ́ wọ́tà tútù tí ẹ máa ń fi sábẹ́ fìlà nínú ooru oṣù kẹta. A máa ń fi yín rẹ́rìn-ín. Ara yín ti mọ ohun tí dókítà kò mọ̀, pé wáyà tó ti bó kì í lè gbé iná nínú ooru.

Èmi ni mò ń se omi láràárọ̀. Èmi ni mò ń ki tówẹ̀lì bọ̀ ọ́, tí mò ń fi òrí ra ẹsẹ̀ yín, tí mò ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa ń sọ jẹ́jẹ́ pé, "Ó tó, ọmọ mi, ó tó." Mo máa ń ní kí ẹ fara dà á, pé omi gbígbóná ló ń lé àìsàn jáde. Ẹsẹ̀ tí ẹ fi rìn dé orí àga, ẹ ò ní lè fi dìde mọ́. A wá gbà pé àìsàn ló ń le sí i, la bá tún fi kún iná omi.

Ní Sátidé tó kọjá, àbúrò yín, Àǹtí Ìkìrun, dé sílé mi pẹ̀lú òrí àti tówẹ̀lì.

"Jẹ́ kí n bá ẹ lé e jáde, jàre. Fara dà á."

N kò lè kọ̀ fún wọn, wọ́n sì se omi. Nígbà tí wọ́n fi máa tẹ tówẹ̀lì gbígbóná náà mọ́ ẹsẹ̀ mi lẹ́ẹ̀kẹta, n kò mọ̀ bóyá mo ní ẹsẹ̀ mọ́.

"Ó tó, Àǹtí."

Wọ́n ṣì ń tẹ̀ ẹ́, bí mo ṣe ṣe fún yín gan-an. Mo fa ẹsẹ̀ mi yọ bí ọmọ tí a kò kọ́, mo ní kí wọ́n fi omi yòókù tẹ ẹ̀bà. Mo wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ wáyà fún wọn. Ẹ rántí pé àwọn ló máa ń di ẹsẹ̀ yín kejì mú. Wọ́n bi mí bóyá bẹ́ẹ̀ náà ló rí lára yín, mo sì ní bẹ́ẹ̀ ni.

Dókítà ní ooru kì í ba rọ́bà jẹ́ sí i, pé bí ara bá ti tutù, agbára á padà. Ó fẹ́ fi tù mí nínú. Ṣùgbọ́n gbogbo àárọ̀ tí mo gbà lọ́wọ́ yín yẹn ńkọ́, tí ẹ ì bá fi rìn dé ẹnu ọ̀nà kí ẹ kí àwọn ará àdúgbò?

Ọ̀la ni dírípù àkọ́kọ́. Àǹtí máa bá mi lọ. Wọ́n ti kó píọ́ wọ́tà sínú fíríìjì, wọ́n sì ti ya ọ̀kan sọ́tọ̀ tí mo máa fi sábẹ́ ìborùn mi.

Ẹ ní ó tó, Bàbá mi. Ẹ dárí jì mí.

Èmi ni, ọmọ yín tó fẹ́ràn yín tọkàntọkàn, tí kò sì gbọ́ yín lásìkò.