Bí A Ṣe Lọ Tọrọ Ẹ̀rọ Àlòkù ní Sabon Tasha

Moróunkẹ́ ọmọ mi, Àmọ̀kẹ́,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú eruku ọyẹ́ ìlú Kàdúná, mo sì kí ọ kú oríire ọjà tuntun tí kì í ṣe tuntun. Ṣé ara le? Tí o bá béèrè wa, àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí ní Abà Onígbá, àfi ìyá rẹ tí orúnkún ń dùn, ṣùgbọ́n kò dùn ún débi tí kò fi lè rìn kiri àdúgbò láti máa ròyìn rẹ. Ewúrẹ́ dúdú rẹ ti bí méjì, kajú sì ti ń yọ òdòdó. Ọlọ́run tó jí ọ lónìí á máa jí ọ sí ire, iná kò ní gbé ọ láéláé, bí o bá fọwọ́ kan òkú rédíò, yóò sọ̀rọ̀. Àmín.

O bi mí lórí fóònù lánàá pé kí ló dé tí Màmá Stella fi kọ owó ọkùnrin tó fẹ́ san jù ọ́ lọ, tó wá gbé ẹ̀rọ náà fún ọ. Mo ní màá kọ̀wé. Fóònù kò gba ìtàn gígùn, bí èèyàn bá ti ń gbádùn ọ̀rọ̀ ni obìnrin kan á já lù ú pé owó ti tán, kò sì ní dúró kí n kí òun. Mo ti kí i títí, kò dáhùn rí, àwọn òbí rẹ̀ kò kọ́ ọ. Àbúrò mi Tàjúdéènì, bàbá rẹ kékeré, ìdajì ọ̀rọ̀ ló sọ fún ọ, nítorí ojú ń tì í. Ojú kò ti èmi.

Nígbà tí o fi àwòrán ẹ̀rọ náà ránṣẹ́ sí fóònù Tolúwaṣẹ, olùkọ́ ilé-ìwé wa, mo wẹ̀, mo dé fìlà kí n tó lọ wò ó, nítorí mi ò mọ̀ bóyá òun náà ń rí mi. Ohun tí mo rí ni tẹlifíṣọ̀n kékeré kan tí bọ́tìnnì kún gbogbo ojú rẹ̀, tí kò sì gbé ju ìlà aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo jáde. Mo ní kí Tolúwaṣẹ yí àńtẹ́nà rẹ̀ wò. Ó ní kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n, ó sì ka ohun tí o kọ sábẹ́ rẹ̀ fún mi, pé òsílóskóòpù ni, pé iná tó ń rìn nínú wáyà tí ojú èèyàn kò lè rí, òun ló máa ń ya ìrìn rẹ̀ sójú gíláàsì, pé ọ̀gá rẹ ní Barnawa kò jẹ́ kí o fọwọ́ kan tiẹ̀, pé láìsí i, bí afọ́jú lo ṣe ń tún rédíò ṣe, pé àlòkù ni, opó kan ló ń tà á ní Sabon Tasha, ẹlòmíì sì ti ń du ú mọ́ ọ lọ́wọ́. Mo gbé ọwọ́ lé àwòrán náà kí n ṣàdúrà sí i, ló bá sá lọ, ìyàwó Tolúwaṣẹ ló yọjú pẹ̀lú gèlè. Mo yáa parí àdúrà náà lé òun lórí, kó má baà ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ àlòkù yẹn ló kó mi láyà sókè. Ohun tó ti gbé ilé onílé rí, tó wá ń bọ̀ wá gbé ilé tìrẹ, ṣé a kì í wádìí rẹ̀ ni? Nígbà tí wọ́n fẹ́ fẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ Adùnọlá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìdílé ọkọ rẹ̀ rán èèyàn wá yọ́ wa wò, wọ́n béèrè bóyá wárápá wà nílé wa, bóyá wèrè wà, bóyá a máa ń jà. Ìwọ fúnra rẹ sì ti sọ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni, o ò tíì lè mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí èyí tó bàjẹ́. Ni mo bá pe Tàjúdéènì ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Barakallahu, ní Kàdúná níbẹ̀, mo ka ìbéèrè mẹ́fà fún un, ó kọ ọ́ sínú ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀, mo ní kó mú gbànja dání. O gbọ́, o fi ìbínú pè mí pé ẹ̀rọ ni, kì í ṣe èèyàn, pé obìnrin náà máa rò pé orí wa ò pé, pé tí ẹ̀rọ náà bá bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, èmi ni. O sì pa fóònù mọ́ mi létí. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́. Oorun ò tiẹ̀ kùn mí. Ṣùgbọ́n mi ò dá Tàjúdéènì dúró.

Ohun tí kò sọ fún ọ nìyí. Lọ́jọ́ Sátidé, òun àti Amudat ìyàwó rẹ̀ wọ mọ́tò lọ sí Sabon Tasha. Ó wọ bàbáńrígà tó rán fún ọdún Iléyá, ó gbé gbànja sínú agbọ̀n, ó kan ilẹ̀kùn opó náà, Màmá Stella. Ó ní sannu, sannu, ó tẹríba, ó fi Hausa sọ pé àwọn rí òdòdó kan nínú ọgbà yìí tó wu àwọn, àwọn wá tọrọ rẹ̀. Àmọ̀kẹ́, obìnrin náà wo gbànja, ó wo bàbáńrígà, ó wo Amudat, ó ní kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n sin ọkọ òun, òun ò lọ́kọ ọ́ fẹ́ mọ́, àti pé ṣọ́ọ̀ṣì lòun ń lọ, òun ò sì lè ṣe ìyàwó kejì ẹnikẹ́ni. Amudat ti yíjú sí ọkọ rẹ̀, ó ń bi í pé ṣé ohun tó torí ẹ̀ gbé òun jáde nílé láàárọ̀ nìyí. Tàjúdéènì ní kai, wallahi kò rí bẹ́ẹ̀, ó nawọ́ sí orí tábìlì, ó ní èyí tí wọ́n faṣọ bò yẹn làwọn wá fẹ́ fún ọmọ àwọn. Màmá Stella rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ni àbúrò mi bá yọ ìwé. Ó béèrè ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Màmá Stella ní ọkọ òun ni, pé ogún ọdún ló fi jókòó tì í, tó ń tún rédíò àwọn èèyàn ṣe. Ó béèrè bóyá ó ti ṣubú rí, ó ní rárá. Bóyá ó máa ń gbọ̀n, ó ní rárá, àmọ́ ó máa ń pẹ́ kó tó jí, kí wọ́n má kánjú gbá a. Bóyá ó máa ń dá sọ̀rọ̀, ó ní fáànù inú rẹ̀ máa ń kùn díẹ̀. Bóyá àrùn kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n ń fi pamọ́. Màmá Stella ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ náà. Ó wá ní òótọ́ ni, ìlà méjì ló yẹ kó ní, èkejì kì í jáde àfi kí èèyàn yí bọ́tìnnì kan síwá sẹ́yìn, òun ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nítorí wọn ò bi òun. Ìbéèrè kẹfà ni pé irú ọwọ́ wo ló fẹ́ kó bọ́ sí. Ibẹ̀ ló ti bú sẹ́kún. Ó ní láti ìgbà tóun ti ní òun fẹ́ tà á, èló ni gbogbo èèyàn ń wí, ẹni tó fẹ́ san jù ò tiẹ̀ jókòó, kò sẹ́ni tó béèrè ọkọ òun. Wọ́n pín gbànja, wọ́n jẹ ẹ́. Ó ní kí ọmọbìnrin yẹn wá gbé e ní iye tó bá ní lọ́wọ́, ó fi wáyà rẹ̀ àti ìwé tí ọkọ rẹ̀ ń kọ nǹkan sí kún un.

O wá ń sọ fún mi lánàá pé ọ̀sán ọjọ́ tí o gbé e délé ni o ti tú u, tí o fín oògùn tó ń fọ ìdọ̀tí sí ìdí bọ́tìnnì yẹn, tí ìlà kejì sì là. Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́! Mo lọ dá jókòó sábẹ́ igi kajú, mò ń rẹ́rìn-ín bíi wèrè. Gbogbo abà ti gbọ́. Wọ́n bi mí pé kí ni ìlà méjì wà fún, mo ní ọ̀kan fún iná tó ń lọ, èkejì fún iná tó ń bọ̀. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, má jẹ́ kí wọ́n gbọ́. O ti bẹ̀ mí nítorí fóònù tí o pa, mo sì ti gbà.

Màmá Stella ní òun fẹ́ wá wò ó níbi tó ti ń tàn. Má jẹ́ kó pẹ́, àna wa ni báyìí. Fi owó mọ́tò ránṣẹ́ kí èmi náà lè wá kí i, kí o sì fi ti bàtà kan kún un. Má san án sí báǹkì. Níjọ́sí tí mo débẹ̀, fọ́ọ̀mù wọn ní kí n kọ orúkọ ẹbí mi, mo kọ ọ́ dé orí èèyàn mọ́kànlélógójì, ìwé tán, wọ́n sì ń tilẹ̀kùn. Fi rán Waliyullah, awakọ̀ tó mú lẹ́tà yìí wá.

Moróunkẹ́, ọmọbìnrin mẹ́rin ni Ọlọ́run fún mi, mi ò sì ráhùn rí. Ṣùgbọ́n ilé wa ni wọ́n máa ń wá. Èmi ni mo máa ń jókòó, tí àwọn ẹlòmíì á gbé gbànja wọlé, tí wọ́n á sì mú ọmọ mi lọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi tó bí ọkùnrin ló máa ń dé fìlà jáde lọ tọrọ, mo sì ti gbà pé ìyẹn ò ní kàn mí láyé mi. Nítorí tìrẹ, ilé wa jáde lọ tọrọ, wọ́n sì fún wa. Bí o ṣe gbé mi ga yìí, Ọlọ́run á gbé ọ ga ju ọ̀gá rẹ lọ, ojú rẹ á máa rí ohun tí ojú ẹlòmíì ò rí, ilé rẹ ò ní ṣókùnkùn.

Èmi ni bàbá rẹ, Abdulganiyu, bàbá ọkọ ìyàwó.