Ogún Gómìnà Tó Wó Ilé Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Èmi, tí ìwé ìjọba mọ̀ sí Gómìnà kẹfà, tí àwọn aráàlú ń pè ní Ọlọ́dà nítorí àwọn ọ̀nà tí mo da ọ̀dà sí, tí ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo sì ń pè ní Àbúrò títí di ọjọ́ tí kò pè mí mọ́, ni mo ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé yìí. Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ojú mi ọ̀tún kò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n iyè mi pé. Dókítà yẹ̀ mí wò lánàá, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní kó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí mo mọ ọmọ tí mo bí. Kò sí ẹni tó fipá mú mi. Àwọn tó lè fipá mú mi tẹ́lẹ̀ kì í wá sílé mi mọ́.

Mo fagi lé gbogbo ìwé ìhágún tí mo ti kọ ṣáájú, pàápàá èyí tí mo kọ nígbà tí mo wà lórí àléfà, nínú èyí tí mo ti pe Alága ẹgbẹ́ òṣèlú wa ní ọ̀rẹ́ tó ju ọmọ ìyá lọ. Agbẹjọ́rò mi àti àbíkẹ́yìn mi obìnrin ni mo yàn láti mú èyí ṣẹ. Agbẹjọ́rò, nítorí pé òun nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín sí àwàdà mi nígbà tí mo jẹ́ gómìnà. Àbíkẹ́yìn mi, nítorí pé ọdún mẹ́sàn-án rèé tí kò ti bá mi sọ̀rọ̀; ẹni tí kò ní ìdí láti pọ́n mi ni yóò ka ọ̀rọ̀ mi bí mo ṣe kọ ọ́.

Ìkíní. Ilé oníyàrá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn, tí a gbé nígbà tí mo ṣì ń wọn ilẹ̀ jẹun, kí n tó di ẹnikẹ́ni, di ti ìyá àwọn ọmọ mi, pẹ̀lú àwọn àga, ibùsùn, àti fìríìjì tó máa ń kùn bí ẹni tí inú ń bí.

Nọ́ọ̀sì ni. Nígbà tí wọ́n kéde pé mo wọlé ìbò, ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó parí iṣẹ́ rẹ̀ kó tó wá kí mi. Mo bínú sí i lọ́jọ́ náà. Lónìí mo mọ̀ pé nínú gbogbo ìkíni ọjọ́ yẹn, tirẹ̀ nìkan ni kò ní ẹ̀bẹ̀ nídìí. Ọdún kan ààbọ̀ ló lò ní Ilé Ìjọba. Ọjọ́ tí katakata tó ń wólé dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ló kó aṣọ rẹ̀ sínú àpótí kan, ó ní, "Awọnlẹ̀ ni ọkọ tí mo fẹ́. N kò mọ ẹni tó ń gbé ibí." Ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde, lójú gbogbo àwọn ẹ̀ṣọ́. N kò bẹ̀ ẹ́ nígbà náà, n kò sì bẹ̀ ẹ́ níbí. Ilé ni mo ń fún un.

Ìkejì. Ìfági tí káfíńtà fi ń fá pákó, tó wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, di ti ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi, tó gba iṣẹ́ bàbá rẹ̀, tó ń kan ilẹ̀kùn àti fèrèsé títí di òní. Kì í ṣe ẹ̀bùn. Tirẹ̀ ni. Ó yẹ kí n sọ bó ṣe dé ọwọ́ mi.

Ọmọ ọdún méje ni mí, ẹ̀gbọ́n mi sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, nígbà tí àwọn òbí wa kú. Ó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó lọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà, kí èmi má baà fi tèmi sílẹ̀. Ìdí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ ni mo ti ń kàwé. Eruku pákó á máa bọ́ sórí ìwé mi, èmi á máa fẹ́ ẹ dànù. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń na okùn tí ìlà fi ń gún. Ibẹ̀ ni mo ti di awọnlẹ̀. Yunifásítì kàn fún mi níwèé ẹ̀rí ni.

Ní ọdún kejì mi lórí àléfà, a fẹ́ la ọ̀nà láti Ilé Ìjọba lọ sí pápákọ̀ òfurufú. Àwọn awọnlẹ̀ gbé àwòrán méjì wá. Àkọ́kọ́ tẹ̀ díẹ̀ gba orí ilẹ̀ tó ṣófo, ilẹ̀ tí Alága ẹgbẹ́ ti rà sílẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí ọ̀nà gbà kọjá. Èkejì gba àdúgbò àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, ilé mẹ́tàlélógójì, ti ẹ̀gbọ́n mi sì wà láàárín. Alága jókòó sórí àga tèmi nínú ọ́fíìsì, kò jókòó sórí èyí tó wà fún àlejò. Ó ní, "Ọ̀nà kì í tẹ̀, Ọlọ́lá jù lọ." Mo mọ̀ pé ọ̀nà máa ń tẹ̀. Iṣẹ́ mi ni. Mo fọwọ́ sí èkejì.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó ní yàrá àwọn àlejò, fìlà rẹ̀ lórí orúnkún, láàárín àwọn tó wá tọrọ iṣẹ́. Mo ní kí akọ̀wé mi sọ fún un pé mo ti rìnrìn àjò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé, ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún Àbúrò pé mo rí i lójú fèrèsé láàárọ̀. Ó ti rù. Kó máa jẹun."

Ọ̀sẹ̀ kejì ni katakata wọ àdúgbò náà. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rí ìfági kan nínú àlàpà, ó gbé e wá fún mi lẹ́bùn, ó ní ohun àtijọ́ yẹ ènìyàn ńlá. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi wà lára rẹ̀, ó ti fi ìṣó gbẹ́ ẹ síbẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi lọ ń gbé yàrá kan nílé ọmọ rẹ̀, kò fọwọ́ kan pákó mọ́, nígbà tó di oṣù kẹrìnlá ó kú. Mo rán kọmíṣọ́nà mẹ́ta lọ pẹ̀lú òdòdó tó ga ju ènìyàn lọ. Opó rẹ̀ dá òdòdó náà padà. Ó ní kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé.

Ìkẹta. Aago ọwọ́ tí Igbákejì mi fún mi lọ́jọ́ tí a búra fún wa, kí ẹ dá a padà fún un. Nínú gbogbo ohun tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, òun nìkan ló sọ òótọ́ fún mi.

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Alága tún fẹ́ gba ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ méjì, mo sì kọ̀, bóyá nítorí ìtìjú tó ti pẹ́ jù. Òun àti Igbákejì mi kó ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin jọ. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n jókòó. Kí aago mọ́kànlá tó lù, mo ti di gómìnà àná. Ẹ̀sùn mọ́kànlá ni wọ́n kà sí mi lọ́rùn. Mo fetí sí i lórí rédíò, mo ń dúró kí wọ́n dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ka ọkọ̀ tí n kò rà, wọ́n ka ìrìn àjò tí n kò lọ. Ilé mẹ́tàlélógójì kò sí níbẹ̀, nítorí gbogbo àwọn aṣòfin náà ló ń gba ọ̀nà yẹn lọ wọ bàlúù.

Ìkẹrin. Tòlótòló mẹ́sàn-án tó wà lẹ́yìnkùlé di ti dírẹ́bà mi, pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń wà. Òun nìkan ló tẹ̀lé mi jáde ní Ilé Ìjọba. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀, ó ní kò tíì sí ẹni tó rántí gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ òun ni. Kó tọ́jú àwọn tòlótòló náà dáadáa. Bí mo bá súfèé, gbogbo wọn á wú, wọ́n á sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà láìmọ ohun tí mo bi wọ́n. Látìgbà tí mo ti ní wọn, àárò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kò sọ mí mọ́.

Ìkarùn-ún. Àkọ́bí mi ọkùnrin ti jẹ ogún tirẹ̀. Orúkọ mi ni, ó sì ti ná an tán. Kò sí ọ́fíìsì tí kò gbé e wọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì fẹ́ kí èyí wà ní àkọsílẹ̀: nígbà tó ń ṣe é, mo ń rí i, mo sì ń pè é ní ọlọ́pọlọ pípé.

Ìkẹfà. Àwòrán ọ̀nà méjèèjì, pẹ̀lú ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ sí etí wọn, wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò mi. Lọ́jọ́ ìsìnkú mi, kó fún onílé mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógójì, tàbí àwọn ọmọ wọn, ní ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè pe ìjọba àti dúkìá mi lẹ́jọ́. Gbogbo ilẹ̀ àti ilé mi yòókù, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pín wọn títí ilé ẹjọ́ yóò fi sọ̀rọ̀. Bó bá kan pé kò ku nǹkan kan, kó má ku nǹkan kan. Wọ́n ní ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. N kò rí ẹlòmíràn tó fẹ́ gbẹ́ tèmi.

Ìkeje. Bí ìjọba bá gbé àsíá àti ọlọ́pàá wá síbi ìsìnkú mi, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ dá wọn padà.

Ìkẹjọ. Ilé tí mo ń gbé báyìí ni mo fẹ́ fún opó ẹ̀gbọ́n mi. Mo ránṣẹ́ pè é, n kò rò pé yóò wá. Ó wá lọ́sàn-án òní, agbòòrùn lọ́wọ́, kò jókòó. Agbẹjọ́rò ka ìwé yìí sí i létí láti òkè dé ilẹ̀. Kò sunkún, kò sì wo ojú mi. Nígbà tó kan abala yìí, ó béèrè ẹni tó máa jẹ́rìí sí i. Agbẹjọ́rò ní ẹni méjì ni òfin ń fẹ́, dókítà sì ti gbà láti jẹ́ ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́rìí sí ìwé ìhágún kò lè jogún ohunkóhun nínú rẹ̀. Ó ní, "Ohunkóhun?" Agbẹjọ́rò ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbé agbòòrùn rẹ̀ ti ògiri, ó ní kí wọ́n fún òun ní bíró.

Nítorí náà, mo yọ abala kẹjọ kúrò. Kí ilé náà wà pẹ̀lú èyí tó ń dúró de ilé ẹjọ́.

Mo fọwọ́ sí i lójú àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì, ní ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta, ọdún 2019.

ỌLỌ́DÀ, awọnlẹ̀, gómìnà nígbà kan rí.

Ẹlẹ́rìí kìíní: Dókítà. Ohun tó jẹ́ sí ẹni tó ni ìwé: oníṣègùn rẹ̀.

Ẹlẹ́rìí kejì: Opó Káfíńtà. Ohun tó jẹ́ sí ẹni tó ni ìwé: kò kọ nǹkan kan síbẹ̀.